Adìẹ Wo Ló Létí?

Òórùn ẹ̀tù ìbọn ọjọ́ náà kò tíì kúrò nímú mi. Ó ti dà pọ̀ mọ́ òórùn lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo máa ń tẹ́ fún àwọn òròmọdìyẹ mi lẹ́yìnkùlé ilé bàbá ọkọ mi ní Oǹdó, débi pé tí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ sọ́míìlì kọjá lónìí, ojú mi á le. Ìwọ tí a jọ ṣe tíṣà mọ̀ pé n kì í tètè dárí ji èèyàn. Ti ọjọ́ yìí, n kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Bàbá ọkọ mi ló kú. Olóyè ni, ó sì dàgbà kó tó lọ, nítorí náà dandan ni kí wọ́n yin àgbá fún un, ìyẹn irin kúkúrú tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí nínú, tí ìró rẹ̀ ń mi ilé. N kò bá àṣà jà. Ohun tí mo bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó gba ètò ìsìnkú sọ́wọ́, kò ju pé kí wọ́n yìn ín níwájú ilé, kì í ṣe lẹ́yìnkùlé, níbi tí òròmọdìyẹ tí kò tíì ju ọmọ ọ̀sẹ̀ kan lọ kún inú àpótí mi. Mo ṣàlàyé bí olùkọ́ báólójì ṣe ń ṣàlàyé, pé inú etí wọn ẹlẹgẹ́ ni. Ó yíjú sí àwọn ẹbí tó jókòó.

“Ìyàwó, adìẹ wo ló létí? Ta ló rí adìẹ tó fi yẹtí sétí rí?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fi ìyẹn náà pamọ́. Níkẹyìn, ó ní ọ̀sán ọ̀la ni àwọn máa yin àgbá, kí n kó adìẹ mi kúrò láàárọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí, mo ń kó wọn sínú páálí, nígbà tí àgbá dún lẹ́yìn ògiri tí mo kọ etí òsì sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dún. Nígbà tí èéfín fò kọjá, mo rí ẹnu àwọn òròmọdìyẹ tó ń ṣí, tó ń pa dé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn kankan. Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí, sọ lẹ́yìn náà pé àwọn àlejò pàtàkì ti tètè dé, pé ṣé adìẹ ni yóò dá òkú olóyè dúró ni.

Etí ọ̀tún mi là kó tó di ìrọ̀lẹ́. Nínú ti òsì, ńṣe ló dà bíi pé òjò ń rọ̀ sórí páànù, kò sì dá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti kọ́ àwọn adìẹ náà pé tí mo bá fi ṣíbí lu agolo, oúnjẹ ti dé. Báyìí, mo sá pamọ́ sẹ́yìn pákó kí wọ́n má baà rí ọwọ́ mi, mo lu agolo. Kò sí èyí tó gbórí sókè. Láràárọ̀ ni mo ń lu agolo fún wọn, tí mo sì ń gbé aago ọwọ́ mi sétí òsì. Ìdánwò kan náà ni mo fi èmi àti àwọn sí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan tó ní àmì dúdú lẹ́yìn gbórí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi pé, gbogbo wọn ń sáré bọ̀. Mo sunkún ayọ̀, mo ní ó kàn mí. Mo gbé aago sétí. Òjò orí páànù nìkan ni mo gbọ́.

Mo wọkọ̀ lọ bá dókítà etí ní Àkúrẹ́. Ọmọdé ni, ó sì lọ́wọ̀. Mo ròyìn ti èmi àti ti àwọn adìẹ náà fún un. “Irun tíntìntín kan wà nínú etí tó ń gba ìró. Tí ìbúgbàù bá pa á, ti ẹyẹ máa ń hù padà, mà,” ó ní. “Tiwa kì í hù.” Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ báólójì, kò sí nínú ìwé wa.

Mo padà sọ ọ́ níwájú ẹbí, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ṣe. Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ nu ẹnu.

“Ìyàwó, o ò kúkú létí tẹ́lẹ̀.”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá wá bá mi nílé tí mo kó lọ sí ní Àkúrẹ́. Ọkọ mi ti kú, òun náà ti gbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó jókòó sápá òsì mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó sì fi etí agbádá nu ojú. N kò nílò kí n gbọ́ kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó dákẹ́, tó ń wò mí, mo dáhùn.

“Bọ̀ọ̀dá, etí tí ẹ yin àgbá sí lẹ jókòó tì.”

Ó fẹ́ fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde bọ́ sápá ọ̀tún. Mo ti dìde ṣáájú rẹ̀. Mo ní àsìkò oúnjẹ adìẹ ti tó. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo lu agolo, gbogbo wọn sì sáré bọ̀, tó fi jẹ́ pé òun náà níbi tó wà yóò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn.

Nítorí náà má sọ fún mi pé ó ti pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló gba adìẹ. Mo ti dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kò tíì hù.