Ìyàwó Tó Pe Gólì Lórúkọ ní Ìdí Rélùwéè

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wọ mọ́tò lọ sí Ìdí-Ọ̀sán, kó ní kí wọ́n mú òun dé Ìdí Rélùwéè. Yóò fojú ara rẹ̀ rí i. Ibùdó rélùwéè ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ilé, kò sí ọ́fíìsì ìjọba kankan, àfi pápá bọ́ọ̀lù gbalasa. Nítorí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ayé àtijọ́ ló ro pápá yẹn fún ara wọn, nígbà tí èrò ìwòran wá ń pọ̀ jù, wọ́n ní kí ọkọ̀ máa dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ mìíràn, bí o bá ń kú lọ létí irin, dírẹ́bà á kàn fọn fèrè kí ọ ni, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ kankan kì í dúró níbẹ̀ mọ́ báyìí. Ewúrẹ́ ló ń sùn lórí pèpéle tí èrò ń dúró sí. Atẹ́gùn ti ká òrùlé apá kan lọ, koríko ti bo irin, yàrá tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ṣì dúró, pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ tó kọjú sí pápá. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ò kú o. Ọdọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn àgbà ọkùnrin Ìdí-Ọ̀sán a máa wọ ṣòkòtò péńpé, ikùn á ṣíwájú, wọn á tẹ̀ lé e, wọn á sì bá ìlú mìíràn figa gbága. Ẹni tó sì ń jókòó sẹ́nu fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ bọ́ọ̀lù náà fún gbogbo ayé gbọ́, Fàsílátù ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Fàsílátù jẹ́ fún yín. Ìlú Bàbáńlá ni wọ́n ti bí i. Àgbẹ̀ alágbàdo ni bàbá rẹ̀, rédíò kì í sì í kúrò lórí ẹ̀ka igi lóko wọn. Bí ọmọ náà bá ti gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ewúrẹ́ ilé nìyẹn. "Òbúkọ gbà á! Òbúkọ yí padà! Ó gé e kọjá lára àgbò! Haà, àgbò ṣubú!" Ìyá rẹ̀ a máa pariwo pé, "Ẹnu rẹ yìí, Fàsílá, ọkọ wo ni yóò gbà á?" Bàbá rẹ̀ a rẹ́rìn-ín, a ní, "Inú rédíò ni ẹnu ọmọ yìí yẹ kó wà." Bàbá fi ṣàwàdà ni. Ọmọ ò gbọ́ ọ bí àwàdà. Ó mú un wọnú lọ, kò sì jáde kúrò níbẹ̀ títí di òní.

Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ibẹ̀ ni Abdulkadir ti rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá sílé ọkọ, ọkọ̀ rélùwéè ni òun àti àwọn àǹtí rẹ̀ wọ̀, ìyẹn nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń dúró. Ọjọ́ bọ́ọ̀lù sì ni! Ọkọ ìyàwó ńkọ́? Ó wà nínú gólì. Aṣọ́lé ni, wọn ò sì rí ẹlòmíràn tó lè dípò rẹ̀. Ìyàwó dúró lórí pèpéle pẹ̀lú ìbòrí, ó ń ṣe jẹ́jẹ́, ó ń wolẹ̀. Bó ṣe rí i pé ọ̀tá ti fẹ́ yọ́ wọlé, ó gbàgbé pé ìyàwó lòun. "Apá òsì! Ẹ wo apá òsì!" Abdulkadir fò, ó gbá bọ́ọ̀lù mú. Gbogbo pápá wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó kígbe. Àyìsátù, ìyálé tó jẹ́ olórí gbogbo obìnrin ilé náà, wo ìyàwó tuntun látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìyàwó o. Wàhálà la gbé wálé yìí."

Wàhálà ọ̀hún sì ni. Ṣùgbọ́n Fàsílátù mọ òfin ilé. Ẹ̀yin náà mọ òfin yìí: ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Kì í ṣe ọkọ nìkan o. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí sínú agbo ilé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, kódà bó bá jẹ́ pé ikun ṣì ń ṣàn nímú rẹ̀. Ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ ìkẹ́ fún wọn ni. Nítorí náà ni Fàsílátù ṣe sọ Sheriff, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Tín-ín-rín ni nígbà náà. Lónìí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò rí bàtà rẹ̀ mọ́ tó bá dúró. Khalilullah ń jẹ́ Adúmáadán, Uwais ń jẹ́ Eyínafẹ́, òmíràn ń jẹ́ Agúntáṣọọ́lò. Abdulkadir fúnra rẹ̀, Bàbá Bilqis ni, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Bilqis. Kí wọ́n tó bí i, "ẹ gbọ́ ná" ló ń jẹ́.

Orúkọ ìkẹ́ wọ̀nyí ni Fàsílátù fi ń sọ bọ́ọ̀lù. Ìjọ Ajíhìnrere ló ń yá a ní gbohùngbohùn wọn, èyí tí wọ́n fi ń jí aráyé ní ìdájí. Fàsílátù ní bó bá ti lè pe ẹlẹ́ṣẹ̀, á pe bọ́ọ̀lù. Ìlú mọ gbogbo orúkọ náà, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn wọ́n. Èèyàn kan wá fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ohùn náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi dé ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìlọrin. Ní Iléyá tó kọjá yìí, wọ́n rán ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dámilọ́lá wá. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa sọ bọ́ọ̀lù lédè wa ní ọjọ́ Sátidé. Bí Fàsílátù bá ṣe é dáadáa lọ́jọ́ náà, ó di tirẹ̀.

Fàsílátù ò fojú ba oorun mọ́jú ọjọ́ náà. Ọmọ ti tán nílé, ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dùn ún, bàbá rẹ̀ ti lọ sí àlùjánnà. Ó ní bí ẹnu òun ò bá wọ inú rédíò báyìí, inú sàréè ni yóò wọ̀.

Àwọn ará Aràndún ló wá bá wọn gbá a. Fèrè dún. Fàsílátù gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbà á! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sáré! Ẹ má rín in o, eré ló ń sá yẹn! Ó fún Eyínafẹ́, Eyínafẹ́ rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀lù lọ!" Ìdí Rélùwéè mì. Dámilọ́lá jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń mi orí.

Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, kò sẹ́ni tó tíì jẹ gólù. Dámilọ́lá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ohùn yín dùn, ẹ sì mọ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ọ̀mù-Àrán, ibo ló ti fẹ́ mọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́? Bí àwọn ọ̀gá mi ò bá gbọ́ orúkọ gidi, wọ́n á ní aláwàdà ni mo lọ gbà wá."

"Àǹtí, ìyàwó ilé ni mí o."

"Mo mọ̀, Màmá. Ìyá tèmi náà ò pe bàbá mi lórúkọ rí. Ṣùgbọ́n ìyá tèmi ò wá iṣẹ́ rédíò."

Ìyálé Àyìsátù wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Etí rẹ̀ ò dí o, ojú nìkan ló ń dùn ún. Ó wúkọ́. "Fàsílá, mo ń gbọ́. Ìyàwó tó bá pe ọkọ lórúkọ níta gbangba, òun ni yóò máa gbálẹ̀ gbogbo agbo ilé títí inú mi á fi rọ̀. Inú mi kì í sì í tètè rọ̀."

Ayé dojú rú fún Fàsílátù. Fèrè dún, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dá ọgbọ́n. "Bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ ọmọ Alájì Oníkòkó, kì í ṣe àkọ́bí o, èyí tó tẹ̀ lé e, tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì lọ́dún tí àgbàrá gbé afárá lọ..." Kó tó dárúkọ àwọn ìbejì, bọ́ọ̀lù ti wà nínú oko àgbàdo. Ó tún gbìyànjú ẹlòmíràn, ó ń tò ó láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Dámilọ́lá mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ jọ.

Fàsílátù rí wáyà tó ń ká lọ. Ó rí i bí ẹni pé rédíò bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pa. Ó dijú. "Sheriff!"

Ẹ gbà mí o! Sheriff dúró gbagidi láàárín pápá, bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń wò yí ká láti mọ àgbà ilé tó ń pè é. Ará Aràndún kan rọra wá, ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà. Àwọn obìnrin ilé kígbe, "Yéè!" Ṣùgbọ́n omi ti dànù, agbè ti fọ́. Dámilọ́lá ti tú wáyà rẹ̀ padà. Fàsílátù bá a lọ. "Khalilullah gbà á! Uwais, sá wá! Uwais, kí lò ń wò lókè?" Gbogbo ẹni tó bá pè ló ń dúró, tó ń ṣíjú wòkè. Inú ọ̀ràn yẹn ni Sheriff ti lọ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù níwájú gólì wọn. Rẹfirí fọn fèrè. Pẹnáritì!

Ará Aràndún gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Abdulkadir na ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára bọ́ọ̀lù. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó fi pẹnáritì jẹ ẹ́ ní gbogbo Iléyá tí a ti ń gbá a.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹni tó wà nínú gólì..." Dámilọ́lá gbójú sókè. Ìyálé gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé. "Ẹni tó wà nínú gólì ni... Abdulkadir."

Kò pariwo. Gbohùngbohùn ló bá a pariwo. Abdulkadir gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ wá sílẹ̀, ó yí orí, ó kọjú sí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń wò. Ọ̀ràn ìyàwó wọn ò kan ará Aràndún ní tiẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù yẹn ò tilẹ̀ sáré. Ó rìn gbẹ̀rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Abdulkadir, ó wọlé.

Ẹ rò pé Fàsílátù máa dákẹ́? "Gólù! Gólù ni o! Abdulkadir ò wo bọ́ọ̀lù! Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò! Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbàlagbà tó ti lọ́mọ-ọmọ dúró nínú gólì, ó ń wo ìyàwó bí ọ̀dọ́mọkùnrin!" Dámilọ́lá ti wà nílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó fi ohùn náà ránṣẹ́ lórí fóònù kí wọ́n tó fọn fèrè ìparí. Èsì ò pẹ́ rárá: kí màmá máa bọ̀ ní Sátidé.

Ibi tí ayọ̀ wà nìyẹn, ibẹ̀ náà lẹ̀rù wà. Ìdí-Ọ̀sán pàdánù. Sheriff ní, "Ìyàwó wa, ẹ ti tà wá!" Àwọn tó kù ò tilẹ̀ kí i. Bàbá Bilqis bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi há abíyá, ó bọ́ síwájú lórí irin rélùwéè, ó ń lọ sílé. Fàsílátù ń tẹ̀ lé e. Ó mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá fi lè sọ pé "o ò ní lọ", òun ò ní lọ. Kò ní í fi ọkọ sílẹ̀, kó lọ fẹ́ rédíò. Ojú rẹ̀ ti ń ṣomi.

Ọkọ dúró. "Ìyá Bilqis."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ fi orí jì mí."

"Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilé ń pè mí ní Bàbá Bilqis, ìta ń pè mí ní Gólì. Mo ti rò pé orúkọ yẹn bá Ìyá lọ." Ó wolẹ̀. "Tún un pè."

Fàsílátù tó pariwo rẹ̀ fún ìlú méjì, ìtìjú mú un lójú irin tí kò sẹ́nìkan. Ó fa ìbòrí bojú, ó sọ ọ́ wúyẹ́.

"Ìn-ín," ni Abdulkadir dáhùn, bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ pè wá jẹun.

Wọ́n délé, Ìyálé ti gbé ọwọ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Abdulkadir mú ọwọ̀ náà. Ó ní, "Ìyálé, èmi ni mo ní kó pè mí."

Ìyálé ní irọ́ ni. Abdulkadir ní Wallahi, òun lòun ní kó pe òun, kí wọ́n bi ìyàwó òun. Ìyálé rò ó títí, ó ní kò burú, ẹni tó rán ìyàwó ní iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kó gbálẹ̀.

Nígbà tí ọ̀kadà dé láàárọ̀ Sátidé láti gbé Fàsílátù lọ wọ mọ́tò Ìlọrin, gbogbo agbo ilé ti jáde wá wò. Bàbá Bilqis bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ilé, ó ń gbálẹ̀, Ìyálé jókòó, ó ń fi ìka han igun kọ̀ọ̀kan. Fàsílátù gun ọ̀kadà, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Ìyálé, ó ya ẹnu.

"Abdulkadir! Abẹ́ ìkòkò omi ṣì kù o!"

Ilé ho yèè. Ìyálé dìde lórí àpótí. Bàbá Bilqis nàró, ó fọwọ́ di ìbàdí mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí ọ̀kadà fi yà.

"Ìyálé," ó ní, "ẹ kúkú fi ọ̀sẹ̀ kan kún tèmi."