Màlúù Inú Ọkọ̀ Agbébàálù

Òórùn kẹrosíìnì ló jí mi ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Òórùn ọ̀dà ni mo mọ̀ mọ́ ilé wa, ní àjà kẹjọ ní Steilshoop, nítorí ọ̀dà ni bàbá mi ń kùn sára ọkọ̀ ojú omi ní Harburg láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó wà nínú balùwẹ̀, ó ń fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha abẹ́ èékánná bí ẹni pé ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ogun agbébàálù ilẹ̀ òkèèrè kan ti gúnlẹ̀ sí èbúté Hamburg, wọ́n ní kí ará ìlú wá wò ó, gbogbo ìjọ wa ló sì ń lọ. Bàbá mi ni yóò mú wọn yí i ká.

Nínú ìjọ wa, ẹni tí kò lóyè dà bí ẹni tó wá sí ìsìn ní ìhòòhò. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, àpọ́sítélì ni. Ẹni tó ń dirun ní yàrá ìdáná rẹ̀, wòlíì ni. Bàbá mi nìkan ni wọ́n ń pè ní Búrọ̀dá lásán, títí di ọjọ́ Àìkú kan tó dìde láti jẹ́rìí nínú gbọ̀ngàn tí a ń lò ní Jenfeld. Ó ní kí òun tó dé Jámánì, òun ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ agbébàálù rí. Ó ní okùn irin tó ń dá bàálù dúró já lọ́jọ́ kan, ó fò lórí òun kọjá, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ní kí òun tẹríba láti di bàtà. Haleluya tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Láti ọjọ́ náà ló ti di Bàbá Ọ̀gákọ̀. Òun kò sọ pé òun jẹ́ ọ̀gákọ̀ o. Ẹnu ìjọ ló gbé e ga dé ibẹ̀. Òun kàn kọ̀ láti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ni.

Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí ẹ̀rí náà ti ń wá. Bàbá mi ní ìwé ńlá kan tó rà ní ọjà òkìrìkà nítorí àwòrán inú rẹ̀: ìtàn àwọn ọkọ̀ agbébàálù láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò lè ka Jámánì dé ibi tó jìn. Ní gbogbo Sátidé, yóò jókòó sórí àga, yóò ní, “Dùkẹ́, wá kàwé, kí èdè rẹ lè já gaara.” Màá kà á ní Jámánì, màá sì sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, pákó ni wọ́n tẹ́ sórí ọkọ̀ ogun kí bàálù lè rí ibi bà. Pé àpò iyanrìn ni wọ́n so mọ́ okùn láti fi dá a dúró. Pé àwọn ọkùnrin a máa sáré lọ fi ọwọ́ di ìyẹ́ rẹ̀ mú kó má bàa wọ inú òkun. A mọ̀ pé àwọn atukọ̀ ń sùn ní àjà mẹ́ta mẹ́ta bí ìwé inú àpótí, àti pé ní gbogbo ìgbà tí bàálù bá gbéra, ibùsùn àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ a máa fò. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, bàbá mi ni ibùsùn rẹ̀ ń fò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. N kò bínú. Inú mi ń dùn bí alásè tí wọ́n ń yin ọbẹ̀ rẹ̀ níwájú rẹ̀.

Sátidé kan wá wà, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí láti ìsàlẹ̀, tí orí ìwé tó kàn sì jẹ́ ti oúnjẹ àti yàrá òtútù, tí ọ̀rọ̀ Jámánì inú rẹ̀ gùn bí ojú irin.

“Papa, ich will runter.” Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn.

“Ka orí yìí tán ná. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.”

Mo fi ìka sórí ìlà kan, mo ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé màlúù méjìlá wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí àwọn awakọ̀ bàálù lè rí wàrà mu láràárọ̀.

“Màlúù? Nínú ọkọ̀?”

“Ó wà níbí, Papa.”

Ó wo ìka mi. Ó gbà mí gbọ́, nítorí èmi ni mo ń lọ sílé ìwé àwọn Jámánì. Mo sáré lọ sísàlẹ̀ lọ ṣeré. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ láti orí pẹpẹ pé bàbá mi ló ń fún wàrà àwọn màlúù náà. Ó tiẹ̀ ti sọ ọ̀kan lórúkọ.

Olùṣọ́-àgùntàn kéde pé wọn yóò fi Bàbá Ọ̀gákọ̀ jẹ díákónì. Gbogbo ìjọ dunnú, àyàfi Dókítà. Berlin ni Dókítà ti ń wá, látọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìjọ wa tó wà níbẹ̀, láti máa bojú tó wa lóṣooṣù. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó wò sàn rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń yára gbóòórùn oyè ayédèrú. Ó dìde, ó ní, “Ọkọ̀ irú èyí ń bọ̀ ní Hamburg. Kí Bàbá Ọ̀gákọ̀ mú wa wọ̀ ọ́. Tó bá fi màlúù hàn wá, èmi fúnra mi ni n ó ta òróró sí i lórí. Bí kò bá sí màlúù, kò sí díákónì.”

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni oúnjẹ kò fi wù mí jẹ. Nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ náà, mo fa apá aṣọ bàbá mi. “Papa, àwọn màlúù yẹn…”

“Má dá ara rẹ lágara. Mo mọ ọkọ̀ yẹn bí ẹní mowó.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn: bàbá mi kò bẹ̀rù. Ó mọ̀ pé irọ́ ni pé òun ti débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó gbà pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ náà ga ju ilé wa lọ. Wọ́n yẹ Ausweis, ìwé ìdánimọ̀ wa, wò lẹ́nu àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi atukọ̀ kan tó dúdú bíi tiwa, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣáájú wa. Lórí ọkọ̀, bàbá mi tàn bí òṣùpá. Ó tọ́ka sí okùn irin kó tó di pé atukọ̀ náà la ẹnu. Ó ṣàlàyé ìdí tí àwọ̀ ẹ̀wù àwọn òṣìṣẹ́ fi yàtọ̀ síra. Atukọ̀ náà wò ó, ó ní, “Sà, ẹ ti ṣiṣẹ́ yìí rí?” Àwọn ìyá ìjọ ké Haleluya lórí irin ogun.

A sọ̀kalẹ̀ sínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń kó bàálù pamọ́ sí. Dókítà nu ojú.

“Bàbá Ọ̀gákọ̀, ẹsẹ̀ ń ro wá o. Àwọn màlúù yẹn dà?”

Bàbá mi kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó yíjú sí atukọ̀ náà, ó ní kó jọ̀ọ́ kó mú wa lọ síbi tí wọ́n ń so màlúù mọ́. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ẹnì kankan kò bá a rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Ọmọlúàbí ni. Ó ní lóòótọ́, nígbà tí ọkọ̀ ń fi ìgbòkun rìn, àwọn ọ̀gákọ̀ kan ń sin màlúù àti ewúrẹ́ fún wàrà, ṣùgbọ́n ó ti tó igba ọdún báyìí.

“Igba ọdún!” Dókítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí irin. “Bàbá Ọ̀gákọ̀, ẹ kú ọjọ́ orí o! Àṣé ẹ ti pẹ́ láyé tó báyìí!”

Ẹ̀rín sọ. Lẹ́yìn náà ni ó dá, olùṣọ́-àgùntàn sì ń wo bàtà ara rẹ̀. Bàbá mi wojú mi. Ó pẹ́ tó ń wò mí, bí ẹni tó ń ka ìlà kan fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi pé èmi ni, èmi ni mo dá màlúù. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

“Kò sí màlúù,” ló wí. “Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. N kò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun rí láyé mi. Ọ̀dà ni mo ń kùn ní Harburg.”

Dókítà ti dìde, ó ń gbọn ṣòkòtò. “Ọmọ yín yìí ńkọ́? Ṣé òun ló ń bá yín kó irọ́ jọ?”

“Ọmọdé ni, sà. Ohun tó wà nínú ìwé ló kà fún mi. Kò fi ohunkóhun kún un.”

Irọ́ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Wọn kò fi í jẹ díákónì. Àwọn ọmọ ìjọ sọ ọ́ ní Bàbá Olómàlúù, àwọn kan a sì máa ké bíi màlúù bó bá ń kọjá. Kò fi ìjọ sílẹ̀. Ó ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, lórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó ń kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sínú ìwé àlejò. Bí ẹlòmíràn bá dìde láti jẹ́rìí, yóò bá a ṣe Haleluya. Kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kò sì tún pè mí wá kàwé mọ́.

Mo lọ sí yunifásítì ní Berlin, mo sì kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé. Iṣẹ́ mi báyìí ni láti máa fi àwọn ọ̀mọ̀wé ayédèrú, àwọn àpọ́sítélì ayédèrú àti àwọn aláṣẹ tí kò lágbára ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn òǹkàwé a máa kọ̀wé sí mi pé n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, èmi náà a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń pe bàbá mi lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, a ń sọ̀rọ̀ ìrì dídì, yóò ní kí n máa jẹun, màá ní mo ti gbọ́, sà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà lórí ọkọ̀ yẹn la ẹnu rẹ̀, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló pa á dé. Ọwọ́ kankan kò sí lórí mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, síbẹ̀ n kò tíì sọ ọ́ pé èmi ni.