Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Mí Ṣe Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, inú oko ni à ń gbé, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Odigbo, ṣùgbọ́n inú ìlú gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ wa wà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí agbègbè yẹn kò ní bi mí bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Ìrì á ti mú aṣọ wa tutù dé orúnkún kí a tó dé ojú títì, a ó sì gbé bàtà wa dání kí ẹrẹ̀ má baà bà á jẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé, pàṣán ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá tètè dé, ìgbálẹ̀ ni wọ́n máa fi lé e lọ́wọ́. Títí di òní, n kò tíì mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ìkirè ló ti wá dá oko kòkó, ilẹ̀ tó sì ń dá, ti Bàbá Ìkúmápàyí ni, ọmọ Ìkálẹ̀ kan tí ilé rẹ̀ wà ní Odigbo. Bí a bá ti kórè kòkó tán lọ́dọọdún, bàbá mi á gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún un, èmi á sì ru kẹ́ẹ̀gì epo pupa tẹ̀lé e. Bàbá mi yìí, tí gbogbo wa ń sá fún nílé, bí a bá ti dé ojúde onílẹ̀, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń tọrọ omi. Ìyàwó onílẹ̀ á bu pupuru, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi èéfín yan, fún mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, èmi àti Morẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀ á sì jùmọ̀ jẹ ẹ́ nínú àwo kan. Mo fẹ́ràn pupuru ju iyán lọ, ìyá mi kò sì lè gbọ́ ọ sétí. Ó máa ń sọ pé òórùn èéfín rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Èdè Ìkálẹ̀ ni mo fi ń ṣeré sùwẹ̀ àti tẹ́ńtẹ́ń, òun náà ni mo fi ń jà. Ìkirè tí wọ́n ní ó jẹ́ ìlú wa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n mú mi dé ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà èwe mi. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé mo dákẹ́ títí a fi wọ mọ́tò padà.

Ìgbà ìjọba ṣọ́jà ni, ìgbà tí ìlú le. Ẹ rántí bí a ṣe ń tò nítorí ọṣẹ àti ìyọ̀. Mílíìkì di ohun tí a ń rí lára agolo òfìfo tí ìyá wa fi ń wọn gàrí. Aṣọ tuntun kò sí. Òkìríkà ni gbogbo ayé ń wọ̀, aṣọ tí àwọn òyìnbó ti wọ̀ títí tó fi sú wọn, tí wọ́n dì mọ́ra bí igi ìdáná, tí wọ́n wá ń tú dà sílẹ̀ lẹ́bàá títì ní Ore. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó rò pé Lọ́ńdọ̀n ni ẹ wà, àfi bí ẹ bá wo ẹsẹ̀ wa.

Ìwé karùn-ún ni mo wà nígbà tí Mísìs Bọ́lárìnwá, tíṣà wa, wọ kíláàsì pẹ̀lú ẹ̀rín, ohun tí kò wọ́pọ̀ lára rẹ̀. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ ṣe Ọjọ́ Àṣà. Olúkúlùkù máa wọ aṣọ ìran kan wá, àwọn òbí á sì wá wòran. Ó pín wa lójú ẹsẹ̀: Ìkálẹ̀ síbí, Ìlàjẹ sọ́hùn-ún, Ondó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Ùròbò, Íbò, Haúsá. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ó ní èdè wọn la fi ń kàwé, kò sì yẹ kí a yọ wọ́n sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ síbi Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò tilẹ̀ ronú rárá, ẹ̀gbẹ́ Morẹ́nikẹ́ ni mo lọ dúró sí.

Morẹ́nikẹ́ ló sọ ọ́. Kò fi ìkà sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ti ń ṣú ló ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Tíṣà, òun kì í ṣe Ìkálẹ̀. Oko bàbá mi ni bàbá rẹ̀ ń dá."

Tíṣà bi mí níbi tí bàbá mi ti wá. Mo ní Ìkirè. Ó wo iwájú kíláàsì yíká, kò rí Ìkirè níbẹ̀. Ó ní, "Lọ síbi Gẹ̀ẹ́sì, jàre. Ìwọ náà lo mọ̀wé kà jù nínú wọn." Bí mo ṣe dá Gẹ̀ẹ́sì ṣe nìyẹn, èmi nìkan ṣoṣo, níwájú pátákó ìkọ̀wé.

Ó dùn mí. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí n ró ìró méjì, kí n fi iyùn sọ́rùn, kí n sì tò sórí ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn tí mo ń bá jẹun. Nígbà tí mo délé, mo sunkún sórí gàrí mi. Ìyá mi ní kò le, òun á lọ tọrọ ìró lọ́wọ́ ìyàwó onílẹ̀, kò sì ní kọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, kò ní kọ̀ ọ́. Bàbá mi ló kọ̀.

Ó ní, "Kí ọmọ mi ró ìró ìyàwó onílẹ̀ níṣojú gbogbo ìlú? Lọ́la wọ́n á ní mo ti ń pe ilẹ̀ ní tèmi."

Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀nà tí ilẹ̀ fi ń bọ́ lọ́wọ́ àlejò kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yá. Ọkùnrin kan wà ní abúlé kejì sí wa tó dìde sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ìjọ, tó ní, "Àwa ọmọ ilẹ̀ yìí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí òjò ọdún kejì tó rọ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀. Bàbá mi a máa sọ ìtàn ọkùnrin yìí bí àwọn bàbá mìíràn ṣe ń sọ ìtàn ìjàpá, ó sì máa ń parí rẹ̀ pé, "Àlejò tó bá gbàgbé pé àlejò ni òun, onílé á rán an létí." Ní tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló dára jù. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ilẹ̀ kankan ní Odigbo, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa jà nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá ku kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé aṣọ wọn náà ni gbogbo wa ń wọ̀. Bí mo bá wọ gáùn lọ, ta ni yóò mọ̀ pé mo múra? Bàbá mi ní òun ti rí Gẹ̀ẹ́sì rí, ọ̀gá kan níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú nígbà kan. Ṣòkòtò péńpé ni ti ẹni yẹn, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, orúnkún náà sì pupa bí ata. Ìyá mi ní òun kò ní wọ ṣòkòtò péńpé fún ọmọbìnrin òun nítorí àṣà ẹnikẹ́ni. Àwòrán obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan wà lára kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó wà lára ògiri wa, ó dé àkẹtẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, ẹ̀wù rẹ̀ sì nípọn láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ìyá mi fi ìka kàn án. Ó ní irú èyí ni.

Lọ́jọ́ ọjà, a lọ sí Ore. Ẹ rántí Ore ìgbà náà, ọkọ̀ tó ń lọ Bìní, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó, èéfín wọn àti òórùn dòdò tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá mi tẹ̀ síwájú òkìtì òkìríkà, ó sì ń wá inú rẹ̀ bí ẹni ń wa iṣu. Ó fa gáùn ìyàwó kan jáde, ó gbọ́n ọn, ó ní ti ìgbéyàwó nìyí, mi ò tíì dàgbà tó o. Ó fa bíláòsì kan jáde, ó ní ọmọ alágbàṣe ń wọ irú rẹ̀ lọ sóko. Níkẹyìn ó bá kóòtù kan pàdé, dúdú, ó nípọn bí ẹní, irun ẹran sì wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin tó ń tà á fi Gẹ̀ẹ́sì adàmọ̀dì búra pé ẹni ńlá ló wọ̀ ọ́ rí. Mo wọ̀ ọ́ wò. Ó bò mí dé ọrùn ẹsẹ̀, ooru sì mú mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá mi fà sẹ́yìn, ó wò mí, ojú rẹ̀ sì tàn. Lójú tirẹ̀, aṣọ tó bá wúwo ló níyì. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo la rí, ti ọwọ́ òsì. Ìyá mi ní kí n máa ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò.

Ọjọ́ náà pé, oòrùn sì mú gan-an. Wọ́n to àga sábẹ́ igi fúrúùtù fún àwọn àgbà, Bàbá Ìkúmápàyí sì wà láàárín wọn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Bàbá mi dúró lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, níbi tí àwọn àlejò máa ń dúró sí. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ kọjá pẹ̀lú àjẹ̀ ọkọ̀ léjìká. Àwọn tó ṣe Haúsá wọ agbádá bàbá wọn, ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ṣubú. Lẹ́yìn náà ni àwọn Ìkálẹ̀, Morẹ́nikẹ́ ló ṣáájú, iyùn ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án ní ìdodo. Wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin tí mo mọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹsẹ̀ mi ń jó nínú kóòtù, kò sì sẹ́ni tó rí i.

Ó wá kàn mí. Mo bọ́ sójú agbo, àkẹtẹ̀ tí a yá lọ́wọ́ ìyá ìjọ kan lórí mi, òógùn ń ṣàn wọ ìbọ̀sẹ̀. Bàbá Ìkúmápàyí na ọ̀pá rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ọma ta rèé nínú ẹ̀wù òtútù?" Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó tún wò mí dáadáa, ó mọ̀ mí. Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì kẹ̀? Ọma ulé mi ni. Ẹ bọ́ nǹkan yẹn lọ́rùn rẹ̀, kó wá tò tì Morẹ́nikẹ́." Ọmọ ilé òun, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti dìde, ó ti ń tú ìró òkè rẹ̀ láti fi ró mi. Mo ti bọ́ bọ́tìnnì àkọ́kọ́.

Bàbá mi dé kí n tó kan ìkejì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n fi í sí tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Onílẹ̀ fa ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní kò burú. Ìyàwó rẹ̀ tún ìró rẹ̀ ró. Mo dá bọ́tìnnì mi padà, mo sì kí gbogbo ìjókòó ní Gẹ̀ẹ́sì, bí tíṣà ṣe kọ́ mi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní èmi ni mo ṣe tèmi dáa jù, nítorí pé n kò rẹ́rìn-ín rárá, bí Gẹ̀ẹ́sì gan-an sì ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Lójú ọ̀nà ilé, bàbá mi gba kóòtù náà kọ́ èjìká. Ó ní, "Bí onílé bá ní kí o wá jókòó lórí ẹní òun, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o jókòó sétí rẹ̀." Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn ìkórè, Bàbá Ìkúmápàyí fi igbó kan kún ilẹ̀ tí bàbá mi ń dá. Kò sọ ìdí rẹ̀, bàbá mi kò sì béèrè. Igbó yẹn ni wọ́n fi rán mi níwèé. Kóòtù náà di ti bàbá mi, òun ló ń wọ̀ lásìkò ọyẹ́ láti fi ṣọ́ kòkó tí a sá sóòrùn, irun ọrùn rẹ̀ sì ń jẹra díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ará Odigbo ní ká sin ín síbẹ̀. Ìkirè la gbé e lọ, nítorí a mọ ohun tí òun ìbá sọ.

Nǹkan ti yàtọ̀ báyìí. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Lóde òní, orí wàtsáàpù ni wọ́n ti ń kéde Ọjọ́ Àṣà, ẹ ó sì yá aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í háyà. Kò sí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe Gẹ̀ẹ́sì mọ́, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ láti àárọ̀ di alẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi wo àwòrán aṣọ lórí fóònù, ó ní ti Ìkálẹ̀ ló wu òun, iyùn ibẹ̀ dára. Kò mọ gbólóhùn kan nínú èdè náà. Tíṣà rẹ̀ ní ó ti dáa. Kò sẹ́ni tó bi í pé ilẹ̀ ta ni bàbá rẹ̀ ń dá.

Nígbà tó dé láti ibi Ọjọ́ Àṣà náà, ó bọ́ gbogbo rẹ̀ sórí àga, ó gba ìdí tẹlifíṣàn lọ. Mo mú ìró méjèèjì, mo wọ yàrá, mo ró wọn níwájú dígí. Ọwọ́ mi ṣì mọ̀ ọ́n ró. Mo gbé iyùn sọ́rùn, mo dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tú u, mo ká a dáadáa, mo sì kó o padà sínú báàgì, nítorí àwọn tó ni ín ń bọ̀ wá gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì.