Ọbẹ̀ sùpàgẹ́tì tí mo fi wákàtí mẹ́ta sè

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lónìí, mo ní kí n se ọbẹ̀ ẹran tí àwọn ará Ítálì fi ń jẹ sùpàgẹ́tì fún un. Mi ò rí ẹni tó máa bá mi lọ ẹran lọ́jà Ìlá. Ọ̀bẹ ni mo fi gé e wẹ́wẹ́ títí apá fi ń ro mí. Wákàtí mẹ́ta lòun àti tòmátì fi hó jẹ́jẹ́ lórí iná.

Mo lọ wẹ̀. Kí n tó jáde, òórùn irú ti gba gbogbo ilé!

Ìyá ọkọ mi, tí ilé wọn ò jìnnà sí tiwa, ló dúró nídìí ìkòkò, tòun tìgò epo pupa.

"Ìyàwó, ọbẹ̀ rẹ ò láta, kò nírú. Mo ti bá ọ tún un ṣe. Mo ti gún iyán wá látilé."

Mo kúnlẹ̀: "Ẹ ṣé, Màámi."

Ọkọ mi dé, ó jẹun, ó lá ọwọ́.

"Màámi, ọbẹ̀ yín yìí ni mo máa ń rò n'Íbàdàn!"

Màámi kàn rẹ́rìn-ín.

Sùpàgẹ́tì mi ti lẹ̀ pọ̀ sínú asẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ta ló se ọbẹ̀ yẹn?