Ohùn Ìyá Mi Lápá Òsì

Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo fẹ́ràn, bẹ́ẹ̀ ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ròyìn rẹ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ kan: ó bá ìyàwó rẹ̀ lọ wo sinimá, òṣèré wà lápá ibí, ohùn rẹ̀ ń jáde lápá ọ̀hún. Ara ọkùnrin náà kò gbà á. Etí méjì kúkú l'Ọlọ́run fún wa. Òun ló wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ á fi máa fi etí méjì gbọ́rọ̀.

Òun ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí àbúrò mi obìnrin bí ìbejì ní Kútọnu, tí ìyá mi ń di ẹrù láti lọ bá a tọ́ wọn. Ta ló kù tí yóò bá ìyàálé rẹ̀, Ìyá Àgbà wa, jókòó? Ojú Ìyá Àgbà ti ṣú. Láti kékeré mi, orí bẹ́ńṣì kan náà ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí níta wa n'Ífọ̀nyìn, tí wọ́n ń pa èkùrọ́, tí wọ́n ń bú ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ìyàálé lápá ọ̀tún, ìyá mi lápá òsì. Ìyá Àgbà ò jẹun dáadáa mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Bon, mo yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan, elétí méjì, lọ́wọ́ olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Mo gbé e síwájú wọn lórí bẹ́ńṣì wọn kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọ wọ́n. Ta ni yóò kọ ẹ̀yìn sí àgbà?

Nígbà tí ìyá mi lọ tán, mo fi écouteur sí Ìyá Àgbà létí. Ó gbọ́ díẹ̀, ó fà á yọ.

"Ẹ ẹ̀! Ta ló ní kó bọ́ sápá ọ̀tún? Ṣé torí mi ò ríran mọ́ ni ìyàwó ṣe fẹ́ gba àyè mi?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹni tó bá dojú kọ ọ́, ọ̀tún rẹ ni òsì tirẹ̀. Ọmọlúàbí tí mo ń ṣe ló gbé ìyàwó sípò ìyàálé! Òyìnbó mi ìbá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni mo gbé e kọjú òdì." Mo pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún sí òsì, tòsì sí ọ̀tún.

"Ẹn-hẹ́n." Ó ń gbọ́ ìró òkúta tí ìyá mi fi ń pa èkùrọ́. Ìyá mi pè é ní ahun nínú ẹ̀rọ. Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ náà ńkọ́, ọ̀jẹun!" Ó ní kí n bu oúnjẹ wá.

Mo gbé oúnjẹ dé, mo fẹ́ jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, lápá òsì rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì dá mi dúró.

"Lọ gbé àpótí wá. Ìyàwó mi ló ń jókòó síbẹ̀."