Ilẹ̀ Tí Ìyá Ọkọ Mi Máa Ń Nà

Bí ọmọ mi bá ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìyá ọkọ mi á lóṣòó, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀. "Ilẹ̀ burúkú! Mo ti nà án fún ẹ. Ó tó, dákẹ́." Ọmọ á sì dákẹ́ lóòótọ́.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sùkúù ní Oníyanrìn. Mo máa ń fi Ìyá ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ rọra o, Ìyá. Bí ẹ ṣe ń gbá ilẹ̀ tó ni ilẹ̀ ń gbá yín padà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ tó ń ta wọ́n. "Tíṣà, fi ìwé ẹ sílẹ̀ ní sùkúù." A fẹ́ràn ara wa nígbà yẹn. Mi ò ní purọ́.

Ìgbà tí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ọkọ mi gun orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ pààrọ̀ páànù. Páànù tó ti dípẹtà ni, ó já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Sùkúù ni mo wà. Ẹni ńlá ni ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Bó ṣe ń já bọ̀ ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, gbogbo eré àti ìwúwo yẹn ló sì fi gbá sìmẹ́ńtì. Sìmẹ́ńtì dá gbogbo rẹ̀ padà fún un.

"Wọ́n tì í ni!" Ìyá ń pariwo. Gbogbo agboolé ń gbè é: "Wọ́n tì í ni o!" Lọ́dọ̀ tiwa, ènìyàn kì í ṣàdédé jábọ́. Àwọn wo ni "wọ́n"? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò lójú, ó ń wá ojú tí yóò lò. Òmùgọ̀ èmi! Mo rò pé àlàyé á tù wọ́n nínú. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹnikẹ́ni ò tì í. Ilẹ̀ ló fà á."

Ìyá yíjú sí àwọn ará ilé. "Ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀? Kò sí nílé, ó sì mọ ohun tó fa ọmọ mi!"

Mi ò tíì bọ́ aṣọ opó, wọ́n ti kó ẹrù mi síta. Wọ́n ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ò ní bá àjẹ́ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ wo ọmọ mi. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dá mi dúró sí. Bó ṣe rí mi, ó sáré, ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú gbì. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ìyá ti lóṣòó, wọ́n ń gbá ilẹ̀. "Ilẹ̀ burúkú! Mo ti nà án fún ẹ."

Wọ́n kúkú mọ ẹlẹ́bi. Ọmọ tèmi ṣubú, wọ́n na ilẹ̀. Ọmọ tiwọn ṣubú, èmi ni wọ́n nà.