Odò Tí Àwa Ọmọ Iléèwé Wọ̀n

Ó wà nínú ìwé ìjọba títí di òní olónìí pé, nígbà tí afárá onígi orí Odò Ọ̀ṣun ní Ẹdẹ já, tí omi sì gbé ọkùnrin mẹ́rin lọ, kò sí ẹ̀dá kan tó lè mọ̀ ṣáájú pé odò yóò kún lọ́jọ́ náà. Ojú mi ni mo fi ka gbólóhùn yìí. Irọ́ ni. Àwa ọmọ iléèwé méjì mọ̀, a sì lọ sọ fún ẹni tó yẹ kí a sọ fún. Mo ń kọ èyí kí gbogbo ẹni tó bá mọ ìwé kà lè mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Àkókò tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà irin kọjá ní àgbègbè wa ni. Iléèwé ìjọ tí mo ń lọ kò ju yàrá kan lọ: ògiri amọ̀, òrùlé koríko, àga gbọọrọ mẹ́fà. Àwa mẹ́sàn-án la wà ní kíláàsì àgbà. Abẹ́òkúta ni Tíṣà wa ti wá. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ohùn wọn kì í ròkè, pàṣán wọn sì wà lókè àjà títí aláǹtakùn fi takùn sí i lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kan, wọ́n sọ ohun tó dẹ́rù bà wá ju pàṣán lọ.

“Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ tí mo bá yàn fún yín lẹ ó ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí kálukú yan iṣẹ́ tirẹ̀, ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, kí ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Èmi kò ní yàn án fún ẹnikẹ́ni.”

Ta ló ti rí àgbàlagbà tó bi ọmọdé léèrè ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí? Níkẹyìn, ọ̀kan nínú wa nawọ́ sókè.

“Tíṣà, bí a bá yan èyí tí kò dáa, ẹgba mélòó ni?”

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn láti nu omijé.

Ó tó oṣù kan kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wa. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kan òfì kékeré tó ṣeé gbé lé itan. Òmíràn ń kó oríṣiríṣi amọ̀ jọ kí ó lè mọ èyí tí kò ní sán nínú iná. Èmi kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó gún ni gbogbo ohun tí mo ní, ìyẹn ló sì sọ mí di akọ̀wé fún ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà láàrin wa.

Agbo ilé wọn kò jìnnà sí odò, oko wọn sì wà ní Alajue. Òrìṣà ni wọ́n ń bọ. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin tí ń pọn omi Ọ̀ṣun ní ọrọọrún. Bàbá rẹ̀ ló ta kú pé ọmọ òun yóò kàwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ilé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹni tó rán obìnrin níwèé, ṣé ìwé ni yóò fi se ọbẹ̀ fún ọkọ?” Bàbá náà á ní, “Bí ọbẹ̀ ọ̀hún bá dùn, ẹ ó tọrọ níbẹ̀.”

Ìbéèrè ọmọ yìí rọrùn lẹ́nu: kí ló dé tí odò fi ń kún lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀? Ó gé ọ̀pá igi àyìn, ó fi ọ̀bẹ fá ìlà sí i lára, ìbú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló wà láàrin ìlà kan sí èkejì. A dè é mọ́ gbòǹgbò igi kan létí odò, níbi tí àwọn èrò ti ń là á kọjá. Láràárọ̀, kí agogo iléèwé tó lù, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ ka ìlà, yóò ké e sí mi lókè, èmi yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ìlà tí omi dé, àwọ̀ omi, bóyá òjò rọ̀ ní Ẹdẹ tàbí kò rọ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn alájàpá tó ti Iléṣà bọ̀ dúró láti bi wọ́n léèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òjò lo fẹ́ fi ṣe ọkọ ni?”

Ọdún méjì la fi ṣe é. Òjò tó ń rọ̀ lé wa lórí kì í gbé odò náà ga púpọ̀. Òjò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń gbé e. Bí ó bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́hùn-ún, omi á pọ́n níwájú wa láàárọ̀, nínú oòrùn gangan, kí ó sì tó di ọ̀sán yóò ti gun ìlà méje tàbí mẹ́jọ. Nígbà òjò àròkúrò, a rí i lẹ́ẹ̀mejì ní ìlà kọkàndínlógún.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, òyìnbó tó ń bójú tó ọ̀nà tẹ́ afárá onígi sí ibi tí ọ̀pá wa wà gan-an, kí àwọn lébìrà lè máa ru òkúta lọ sí ibi iṣẹ́ ọ̀nà irin. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ yọ ọkùnrin sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ẹgba ni. Bàbá ọmọbìnrin náà wà lára wọn. Ọmọ náà fi ọ̀pá wo gíga afárá: ìlà kejìlá. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà iléèwé, ó yíjú sí mi.

“Bàbá mi á wà lórí ẹ̀ nígbà àròkúrò,” ni ó wí.

Tíṣà yẹ ìwé náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní kí a gbé e tọ òyìnbó náà lọ. “Iṣẹ́ yín ni. Ẹnu yín ni kí ó ti gbọ́ ọ.”

Ògbufọ̀ òyìnbó náà jókòó lẹ́nu àgọ́, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. “Ẹ̀yin ọmọ Tíṣà, kí lẹ gbé wá? Àkàrà?”

“Ìwé odò ni, sà.”

“Odò náà ti ń lọ síléèwé! Sítáńdáàdì kélòó ló wà?”

Síbẹ̀, ó mú wa wọlé. Òyìnbó ṣí ìwé náà. Ó ń fi ìka tọ ìlà mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń ṣí i lọ, ó tún ń ṣí i padà, mo sì rò pé ó ti gbà wá gbọ́. Ó wá sọ nǹkan.

“Ọ̀gá ní ta ló pàṣẹ fún yín kí ẹ ṣe é?”

“Kò sẹ́ni tó pàṣẹ, sà,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Àwa fúnra wa la fẹ́ ṣe é.”

Èmi náà fi tèmi kún un. “Tíṣà ò tiẹ̀ rí i títí a fi parí ẹ̀.”

Ìyìn ni mo ń wá. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó pa ìwé dé, ó fún wa ní bisikíìtì kọ̀ọ̀kan.

“Ọ̀gá ní ẹ káre. Ó ní eré yín dára. Òun á tọ́jú ìwé náà.”

“Sà, afárá yẹn ńkọ́?” ni ọmọ náà bi í.

“Ẹ lọ jẹ bisikíìtì yín.”

Lábẹ́ ìjọba tó jẹ́ pé àṣẹ ni a fi ń rìn, àṣẹ ni a fi ń ru ẹrù, ohun tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ kò jẹ́ nǹkan kan. Ká ní mo purọ́ lọ́jọ́ náà pé Tíṣà ló rán wa, bóyá wọn ì bá ka ìwé náà sí iṣẹ́.

Tíṣà fúnra wọn lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n padà, wọn kò sì sọ ohun tí a sọ fún wọn. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ olórí ìjọ pé kí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì di àkókò ìroko ọgbà ìjọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń roko. Ikán jẹ òfì kékeré náà nídìí ògiri.

Àròkúrò dé. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, omi pọ́n. Àwọn alájàpá ní òjò ti rọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fún ọjọ́ mẹ́ta. A sáré lọ sí ìdí afárá, a bá bàbá ọmọbìnrin náà tí wọ́n ti gbé agbọ̀n òkúta lérí.

“Bàbá, ẹ má gorí ẹ̀ lónìí. Omi ti pọ́n.”

“Oòrùn ń pa wá, o ní omi ń bọ̀.”

“Òjò Ìjẹ̀ṣà ni, Bàbá. Ẹ sọ pé ara yín ò yá.”

“Ẹni tó ní ara òun ò yá lánàá, ẹgba méjìlá ni wọ́n fi wò ó sàn.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn bú sẹ́rìn-ín. Olórí lébìrà kígbe, wọ́n kọjá. Wọ́n já òkúta sílẹ̀ lódì kejì, wọ́n padà wá láyọ̀. Bàbá náà fọwọ́ kan ọmọ wọn lórí. “Akọ̀wé, odò rẹ ò tíì ka ìwé tó o kọ.” Wọ́n tún di agbọ̀n wọn, wọ́n tún lọ.

Àwọn mẹ́rin, bàbá náà pẹ̀lú, wà láàárín afárá nígbà tí omi bo pákó. Ìtì igi kan ń bọ̀ láti òkè odò. Ọmọ náà pariwo pé kí wọ́n ju agbọ̀n nù. Wọn kò jù ú nù. Ẹni tó bá sọ òkúta ìjọba nù, ẹgba ni. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi dì í mú tí wọ́n fi bá afárá lọ.

Nígbà tí ìjọba jókòó ní kóòtù láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, Tíṣà dìde, wọ́n ní ìwé kan tó sọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ òyìnbó. Ògbufọ̀ wo ojú wọn. “Ìwé wo?” Kò sí ẹni tó tún béèrè. Kí oṣù náà tó parí, a ti gbé Tíṣà lọ sí ìlú tí a kò mọ̀. Ọmọbìnrin náà kò wá sí iléèwé mọ́.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, èmi náà di akọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ibẹ̀ ni mo ti rí gbólóhùn irọ́ yẹn. Ìwé wa kò sí níbẹ̀. Mo kọ ẹ̀bẹ̀ pé kí a tún ọ̀rọ̀ náà wò, mo sì gbé e lọ sí Alajue kí ọmọbìnrin ọjọ́un náà lè fọwọ́ sí i. Ó ń kọ ebè lọ́wọ́. Ó gbọn ọwọ́ nù, ó gba ìwé náà, ó kà á láìdúró, kò gbàgbé lẹ́tà kan. Lẹ́yìn náà ó dá a padà fún mi.

“Èyí tí a kọ fún wọn ṣáájú, wọn ò tíì fún wa lésì.”

Mo ní bóyá wọ́n á gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti mú ọkọ́ rẹ̀. Èmi nìkan ni mo fọwọ́ sí i.